Ẹja Tó Ń Fi Ẹnu Gbé Ọmọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sí ilé ìwòsàn ojú kan ní Adó, mò ń dúró kí wọ́n pè mí. Àpótí gíláàsì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹja pupa wẹ́wẹ́ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan sì ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà, ó ń dún gulu-gulu-gulu. Mo dijú. Kí n tó mọ̀, mo ti padà sí Ìkẹ́rẹ́, sí ẹ̀yìnkùlé wa, láyé ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó jẹ́ pé Àkúrẹ́ ni olú-ìlú wa.

Ẹ̀yìnkùlé kan náà ni ilé wa àti ilé ìyá àgbà Bọ́sẹ̀ jọ ní. Bọ́sẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi. A jọ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, a jọ ń yá oòrùn lórí àpáta tí wọ́n ń sá ẹ̀gẹ́ sí. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá wá, á kó bisikíìtì àti aṣọ tuntun dání, á ní kí Bọ́sẹ̀ bá òun lọ. Bọ́sẹ̀ á sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò ní jáde títí mọ́tò ìyá rẹ̀ á fi lọ.

"Àlejò ni," ó máa ń sọ fún mi. "Ìyá gidi kì í fi ọmọ sílẹ̀."

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àbúrò bàbá mi, Bọ̀dá Dáyọ̀, ti Ìbàdàn dé. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sì sí ohun tí kì í tú wò. Ó fi gíláàsì fèrèsé àti ọ̀dà lẹ àpótí ẹja kan pọ̀. Àpótí náà jò títí, débi tí ìyá mi fi ní ilẹ̀ yàrá ti tó gbin ìrẹsì sí. Nígbà tí kò jò mọ́, Bọ̀dá lọ sí odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ó sì gbé ẹ̀pìyà bọ̀ nínú garawa. Ó ki àpáàdì kan sínú omi kí ẹja lè rí ibi sá sí.

Ẹja náà kò fẹ́ràn ojú èèyàn rárá. Bí a bá ti wọlé, ẹ̀yìn àpáàdì ló ń lọ. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti Bọ́sẹ̀ yọjú jẹ́ẹ́ lójú fèrèsé, a sì rí àwọn ọmọ ẹja tíntìntín tí wọ́n yí ìyá wọn ká bí èéfín. A sáré lọ pe ìyá àgbà. Nígbà tí a fi máa dé, ìyá ẹja nìkan ló kù, ó pa ẹnu dé, àgbọ̀n rẹ̀ wú.

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa. "Ó ti gbé wọn mì," ó ní. "Ẹja tó ń jẹ ọmọ ẹ̀ kò dáa nínú ulé. Dáyọ̀, gbé e wá kí n dín in."

 Bọ́sẹ̀ kàn jáde. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

Bọ̀dá Dáyọ̀ bẹ ìyá àgbà pé kí wọ́n fún òun láàyè díẹ̀. Ó lọ yá kámẹ́rà fídíò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Àkúrẹ́ tó máa ń ya ìgbéyàwó. Ó dojú odó ìyá mi dé, ó gbé kámẹ́rà lé e. Ó gé ihò sí ara páálí ọṣẹ, ó fi dé kámẹ́rà, ó fi aṣọ dúdú bò ó yíká, ojú kámẹ́rà nìkan ló yọ. Ó wá fa wáyà gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n wa ní pálọ̀, ó sì kó gbogbo wa kúrò ní yàrá tí ẹja wà.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni, iná sì wà. A fa kọ́tìnì, gbogbo agbo ilé jókòó, a ń wo yàrá wa lórí tẹlifíṣọ̀n. Fún ìgbà pípẹ́, àpáàdì àti omi nìkan la rí. Omi náà ń mì díẹ̀díẹ̀, ó ń tàn bí ojú ọ̀run kùtùkùtù, oorun sì ti ń kùn mí. Ìyá àgbà tiẹ̀ ti ń hanrun. Ìgbà náà ni ẹja yọ. Ó dúró láàárín omi, ó la ẹnu, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń tú jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n pọ̀, wọ́n ń tàn yinrin.

 Ewúrẹ́ kan forí gbá ilẹ̀kùn yàrá lẹ́yìnkùlé, ẹja náà ta gìrì, gbogbo ọmọ rẹ̀ sì rọ́ padà sí ẹnu rẹ̀.

Bọ́sẹ̀ ti dìde, ó gbé ọwọ́ lé ojú tẹlifíṣọ̀n. "Bọ̀dá, báwo ló ṣe wá ń jẹun?"

"Kì í jẹun," Bọ̀dá dáhùn. "Títí wọ́n á fi tó dá rìn."

Ìyá àgbà nu ojú rẹ̀ nù. "Ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀," ó ní.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, mọ́tò ìyá Bọ́sẹ̀ dé. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, n kò rí i. Ẹnu ọ̀nà ló wà, ó ti di ẹrù rẹ̀, ó ń wo ìyá rẹ̀ lójú fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹ ti rù," ó sọ fún un. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Wọ́n jọ lọ, n kò sì rí ọ̀rẹ́ mi mọ́ láti ìgbà náà. Mo bá a yọ̀, mo sì sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bọ̀dá Dáyọ̀ ti dolóògbé. Kásẹ́ẹ̀tì tó fi gba àwòrán ẹja náà sílẹ̀ ti hùkàsì, ó ti bàjẹ́. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn wà l'Ékòó tàbí lókè òkun ṣì pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà ní Ìkẹ́rẹ́. Lóde òní, wọ́n ń rí ojú ìyá wọn lórí fóònù lójoojúmọ́, wọ́n ń bá a rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ hàn án. Síbẹ̀, bí mọ́tò bá dúró níwájú ilé, wọ́n á ju fóònù sílẹ̀, wọ́n á sáré lọ wo ẹni tó dé.