Àgbá Tó Tutù Lọ́wọ́ Bàbá Sùnmọ́nù

Ọjọ́ kẹta tí mo dé ilé ìkẹ́rùsí kan ní Warehouse Road ni òjò bó orúkọ ara àgbá kẹ́míkà kan dànù. Èmi ni wọ́n gbà láti máa yẹ ọjà wò. Bàbá Sùnmọ́nù, ará Ajégúnlẹ̀, olórí àwọn tó ń gbẹ́rù, ti ń fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó bí mi. "Àǹtí Bébà" ni wọ́n ń pè mí, nítorí bébà lítímọ́ọ̀sì tí mo ń kó kiri láti fi dá ásíìdì mọ̀.

Ìlànà tiwọn ni pé ohun tó bá ti tutù lọ́wọ́, sípíríìtì ni. Bàbá ki ìka mẹ́rin bọ àgbá náà.

"Ó tutù. Na spirit be dis."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Ó ń rùn bí ilẹ̀ ọsibítù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo kán díẹ̀ sínú omi, mo ki bébà aláwọ̀ búlúù bọ̀ ọ́. Sípíríìtì kì í yí i padà. Èyí rọra sọ ọ́ di pupa.

"Bàbá, fínọ́ọ̀lù nìyí, májèlé tó ń jẹ ara ni. Ẹ jẹ́ ká lọ sídìí ẹ̀rọ omi, kíá."

Ìka wọn ti funfun bí fùfú. Wọ́n já èékánná mọ́ ọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Kò mà dùn mí rárá." Ẹ̀rín yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Kì í ṣe pé ó tutù. Ọwọ́ ló ń kú.

Kí wọ́n má baà yọ ọwọ́ kúrò lábẹ́ omi, mo ń sọ̀rọ̀ ṣáá.

"Ṣebí ọmọ ìyá kan ni òun àti sípíríìtì?" ni wọ́n bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Háídírójìn wà lára ọ́síjìn àwọn méjèèjì. Èyí tó bá lè jù ú sílẹ̀ ló ń ṣe bí ásíìdì. Tí sípíríìtì bá jù ú sílẹ̀, ọ́síjìn nìkan ló máa ru ẹrù tó kù, ìyẹn ni kì í fi í fẹ́ jù ú. Fínọ́ọ̀lù ní òrùka kábọ́ọ̀nù mẹ́fà tó ń bá a pín ẹrù náà gbé."

"Ó ní alábàárù." Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Èmi ò gbọ́ omi yìí lára o."

Lọ́jọ́ kejì ní ọsibítù, mo ń gbàdúrà kí ọwọ́ náà dùn wọ́n. Ta ló ń gba irú àdúrà yẹn fún àgbà? Lọ́sàn-án, Bàbá kérora. Ìyàwó wọn kígbe Halelúyà, Bàbá ń sunkún, wọ́n ń ní, "Alhamdulilahi, ó ń dùn mí."

Ìka mẹ́ta ló padà yè. Ìka ìlábẹ̀ ò mọ nǹkan kan títí di òní. Nígbà míì tí a bá jókòó, màá rí èèrà tó ń bù ú jẹ, Bàbá ò ní mọ̀. Èmi ni mo máa ń bá wọn gbọ̀n ọ́n kúrò.