Ìrẹsì Tó Jóná Nítorí Ìwé

Ìrẹsì mi jóná lánàá, nítorí mo ń ka ìwé tuntun òǹkọ̀wé ará Scotland kan tó máa ń kọ ìtàn nípa àwọn tó ń gbé lójú òfuurufú. Bí òórùn yẹn ṣe kàn mí nímú, ó dà bíi pé mo padà sí ilé kékeré tá a rẹ́ǹtì ní Alief, ní Houston, nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Tíṣà mi ló fún mi ní ìwé tí òǹkọ̀wé náà kọ́kọ́ kọ nígbà yẹn. Ẹ̀dá olójú mẹ́ta wà lára èèpo rẹ̀. Màmá mi já a gbà.

"Kí lèyí? Ṣé o ò mọ̀ pé àwọn ará ìjọ ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí?"

Màmá mi gbé e wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo ń sunkún. Mo rò pé wọ́n ń fà á ya ni. Ìrẹsì tí wọ́n gbé kaná ń jóná lórí sítóòfù, wọn ò jáde. Nígbà tí wọ́n máa fi jáde, wọ́n ti fi kàlẹ́ńdà ìjọ bo ìwé náà, bí wọ́n ṣe máa ń bo ìwé ní Ìbàdàn. Ojú pásítọ̀ tó wà lára kàlẹ́ńdà náà ló wá bọ́ sí iwájú ìwé.

Nígbà tí àwọn ará ìjọ dé, bàbá tó ń darí àdúrà rí i lọ́wọ́ mi. "Ọmọ yìí mà fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Ọlọ́run o!"

"A dúpẹ́, sà," ni màmá mi wí. Wọn ò wojú mi.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ìwé yẹn ni wọ́n ń kà tí ìrẹsì fi jóná.

Mo pè wọ́n lánàá. "Mọ́mì, ẹ ṣé ti kàlẹ́ńdà yẹn."

"Èyí tó o ń kà lọ́wọ́ ńkọ́? Tó o bá ti kà á tán, gbé e wá."