Aṣọ Ẹyinjú-Ẹgẹ́ Kò Tó Nọ́ọ̀sì Gíga

Nọ́ọ̀sì Gíga ga débi pé bí gílóòbù wọ́ọ̀dù bá jó, kì í wá àga kó tó pààrọ̀ rẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń tọ́jú aláìsàn, kò sì jowú ẹnikẹ́ni rí, àfi ìgbà tí àrùn ikọ́ tó ń ràn dé.

Àrùn yìí sọ gbogbo nọ́ọ̀sì di èèyàn kan náà: ìbòmú, awò ojú ńlá, ìbọ̀wọ́, aṣọ funfun láti ọrùn dé kókósẹ̀. Aláìsàn ò mọ ìyá yàtọ̀ sí ọmọ mọ́. Ni wọ́n bá ní kí kálukú fi gègé dúdú kọ orúkọ sí àyà aṣọ rẹ̀. Gíga kọ "Gíga." Ọmọdébìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́, tí orí rẹ̀ ò ju ìgbáròkó Gíga lọ, kọ "Ẹyinjú-Ẹgẹ́," ojú ṣáà ló kù téèyàn lè rí.

Látọjọ́ náà, káfíńtà àgbàlagbà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin ò lórin mìíràn ju Ẹyinjú-Ẹgẹ́ lọ. Bí Ẹyinjú-Ẹgẹ́ bá fún un lóògùn, àdúrà á bẹ̀rẹ̀, á dé orí àwọn ọmọ tí kò tíì bí. Bó bá jẹ́ Gíga, "o ṣé" ni, ó parí. Gíga tó ń to ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn kó lè rí èémí mí! Inú rẹ̀ ń ta bí ẹni fi ata wẹ̀. Kò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé ju kí bàbá yìí ṣàdúrà fún òun lẹ́ẹ̀kan péré.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ẹyinjú-Ẹgẹ́ kọ orúkọ sáṣọ tán, ó gbé e kọ́ sára ògiri, ó lọ dá ìyá rẹ̀ lóhùn lórí fóònù. Gíga wọ̀tún, ó wòsì, ó gbé aṣọ náà wọ̀.

"Ẹyinjú-Ẹgẹ́ mi," ni káfíńtà wí, "o mà ti ga sí i láti àárọ̀."

Gíga fi ohùn tín-ín-rín sọ pé oògùn ló ń ṣe ojú bàbá. Àdúrà wá ń rọ̀ bí òjò, ó ń mu ún bí omi tútù. Àfi bí bàbá ṣe wú ikọ́, tó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni gíga yẹn. Ọwọ́ ẹ̀ ló ń jẹ́ kí n rí èémí mí. Ẹ̀rù ẹ̀ ló ń bà mí tí mi ò fi lè sọ ọ́ fún un. Ó ń wò mí nínú awò yẹn bí ẹni pé mo jí adìẹ ẹ̀."

Kí Gíga tó fèsì, wọ́n kan gíláàsì fèrèsé wọ́ọ̀dù. Ẹyinjú-Ẹgẹ́ ló dúró síta, tó ń tọ́ka sí ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. Gíga wo tirẹ̀: apá aṣọ ti fà sókè, kò bá ìbọ̀wọ́ pàdé, awọ ara tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta ló wà níta, itọ́ ikọ́ bàbá sì ti ta sí i.

Òfin wọ́ọ̀dù ò mọ àgbà: ó di kó jáde, kó fọwọ́, kó má wọ wọ́ọ̀dù fún ọjọ́ márùn-ún. Ọmọ náà ló ń bu omi sí i lọ́wọ́, kò jà.

"Àǹtí, aṣọ mi ò tó yín," ló wí. "Ẹ bá ti sọ fún mi, ǹ bá bá yín kọ orúkọ náà sára tiyín."

Ìyẹn dun Gíga ju èébú lọ.

Ikọ́ ò mú un. Òun nìkan jókòó sí yàrá tí wọ́n ń kó ìwé aláìsàn sí, ó ń wo wọ́ọ̀dù láti ojú gíláàsì. Lọ́jọ́ kẹta, ó rí Ẹyinjú-Ẹgẹ́ tó ń to ìrọ̀rí káfíńtà, owú tún gòkè wá. Ìrọ̀rí tòun! Kò tilẹ̀ tò ó dáadáa. Ó kọ ọ́ sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì: GBÉ E SÓKÈ DÍẸ̀.

Ọmọ náà gbé e sókè. Káfíńtà mí kanlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ẹnu rẹ̀ sì ń lọ bí ti ẹni tó ń ṣàdúrà. Gíga ò gbọ́ ohun tó ń sọ, kò sì mọ ẹni tó ń sọ ọ́ fún. Ó yára ṣe àmín ná, kí ẹlòmíì tó ṣe é.