Kọ̀ǹpútà Àdìkẹ́ àti Ojú Ìyá Rẹ̀

Àdìkẹ́ tó ń kọ́ èèyàn ní táípù lójú ọ̀nà Ìjàgbo, ní Ọ̀fà, kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá lórí táípúráítà débi pé àwọn tó ń kọjá lọ a máa dúró wò ó. Lọ́dún 1996, ó lọ sí Èkó, ó ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní kí lobìnrin ń fi síkúrúdíráífà ṣe. Ẹnu wọn ni wọ́n ń dà láàmú.

Ìyá rẹ̀ ló fà á. Màmá Evelyn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ti kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀, láti Ìlemọ̀nà tó ti kọ́kọ́ kọ́ ọmọ títí dé ìgbà tó padà sílé. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń kú lọ. Dókítà sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé ìwọ̀nba ìríran tó kù kò ní pẹ́ lọ. Màmá kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìtàn náà sí òun létí. Òun fúnra òun lòun fẹ́ kà á. Lẹ́tà táípúráítà kéré jù fún un. Kọ̀ǹpútà ló lè sọ ọ́ di gàdàgbà.

Ó tò ó tán, ó ṣiṣẹ́. Háà, inú Àdìkẹ́ dùn! Ó tẹ ìtàn náà sínú rẹ̀ tán láìsí wàhálà. Àfìgbà tó sọ lẹ́tà di ńlá, tó ní kó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ni ojú kọ̀ǹpútà bá dúró gbagidi. Ó pa á, ó tún un tàn. Bákan náà ni.

"Iná ni, Àǹtí," ni Lukman, oníṣẹ́ wáyà iná tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Àdìkẹ́, wí.

Ẹ jọ̀wọ́, ta ni nǹkan rẹ̀ máa bàjẹ́ ní Ọ̀fà tí kò ní kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru iná? Lukman gbé jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ wá. Iná rẹ̀ dúró ṣinṣin, kọ̀ǹpútà tún há. Ṣùgbọ́n dípò kí Àdìkẹ́ bínú, ńṣe lojú rẹ̀ ń dán. Bí kì í bá ṣe iná, kí wá ni? Kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ nìkan ló ń há?

Ó ń rò ó lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó ń kọ́ Safiyat, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Àdìkẹ́ a máa fi rúlà gbá tábìlì, kí ìka akẹ́kọ̀ọ́ máa bá a lọ. Ó gbá a yá jù, lẹ́tà táípúráítà Safiyat bá kọ́ ara wọn lọ́rùn. Ó rọra gbá a, ọmọ náà sì tẹ odindi ojú ìwé láìṣì.

Rúlà dúró lókè. "Yéè! Èmi ni mo ṣe é!"

Ó sáré tan kọ̀ǹpútà, ó ṣí ojú ètò inú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń yan bó ṣe máa ṣiṣẹ́. Mẹ́mọ́rì ni kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí, ojú ètò yẹn sì ni wọ́n ti ń yan bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe dúró de mẹ́mọ́rì pẹ́ tó kó tó gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Èwo ni Àdìkẹ́ yàn lọ́jọ́ tó tò ó? Èyí tó yá jù, kí lẹ tún fẹ́ kó yàn! Ọwọ́ mẹ́mọ́rì kò yá tó bẹ́ẹ̀. Ó yan èyí tó rọra díẹ̀, ó há, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó há. Ó tún fà á sẹ́yìn sí i. Ó wá fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ títí di ìrọ̀lẹ́, kò yẹsẹ̀.

Ó gbé bébà àkọ́kọ́ tó tẹ̀ jáde ní lẹ́tà gàdàgbà lọ bá Màmá níwájú fèrèsé. Màmá gbé e súnmọ́ imú, ó ń kà á jáde ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó dé ibì kan, ó dúró. Àdìkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a pè é.

"Fi mí sílẹ̀. Mo rí i."

Ó rí i lóòótọ́. Ó kà á dé ìsàlẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Lọ tẹ ìyókù wá," ó ní. "Ojú mi ò ní dúró dè wá."