Ilé Tí Bàbá Orúnkún Tẹ́

Bàbá Orúnkún ni wọ́n ń pe ọkọ mi níbi iṣẹ́, kì í sì í ṣe èébú. Iṣẹ́ ká tẹ́ táìsì sílẹ̀ ilé ló ń ṣe, orí orúnkún ló sì ń lo ayé rẹ̀. Awọ ibẹ̀ ti dúdú, ó ti yi bí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí kì í wọ bàtà. Bó bá ti dé nírọ̀lẹ́, èmi ni mo máa ń fi omi gbígbóná jó o fún un. Torí náà, bí mo bá ń bínú lórí ọ̀rọ̀ ilé yìí, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí n mú sùúrù. Mo ti mú un títí, kò ṣe mí lóore kankan.

Ìlú onílùú là ń gbé. Òfin wọn ni pé àlejò ò lè ra ilé àfi bí ìjọba bá fún un láṣẹ, ẹni tó bá sì ń dúró de àṣẹ yẹn, kó yáa wá àga fìdí lé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní tiẹ̀ ti di ọmọ ìlú tipẹ́tipẹ́. A wá rí ilé àtijọ́ kan, òrùlé rẹ̀ ń jò, ilẹ̀ rẹ̀ rí kótokòto, ṣùgbọ́n apá wa ká a. Ẹni tó fẹ́ tà á ò ráyè dúró de ìjọba. Ni ọkọ mi bá ní kí ẹ̀gbọ́n òun fi orúkọ rẹ̀ rà á fún wa.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ sọ́dọ̀ lọ́yà. Ọ́fíìsì rẹ̀ kéré, fáànù ibẹ̀ ń ké bí ọmọ tí ebi ń pa. Obìnrin ni lọ́yà ọ̀hún, ó sì fara balẹ̀. Ó ní, "Owó yín ni, orúkọ tiwọn ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ àdéhùn sáàárín yín, pé wọ́n á yí i padà sí orúkọ yín lọ́jọ́ tí àṣẹ yín bá dé."

Ọkọ mi wò ó bí ẹni pé ó bú ìyá òun. "Ẹ̀gbọ́n mi tó pọ̀n mí? Tó ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, tó mú mi wá síbí? Èmi ni màá gbé bírò fún un pé kó fọwọ́ sí i pé òun ò ní jà mí lólè?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń mi orí. Ó ní, "Ọmọ ìyá kan náà ni wá, lọ́yà."

Mo tẹ ọkọ mi lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Nígbà tá a jáde, ó ní ìyàwó ilé kì í kọ́ ọmọ ìyá méjì láti máa ṣọ́ ara wọn. Mo ní ó dáa. Kò dáa rárá, mo kàn sọ bẹ́ẹ̀ ni.

A ra ilé náà láìsí àdéhùn kankan, a sì kó wọ ibẹ̀. Bó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ilé. Táìsì tó bá ṣẹ́ kù nílé àwọn olówó, bí wọ́n bá fi ta á lọ́rẹ, á gbé e wálé, á gé e, á tò ó. Àwọ̀ wọn ò bára mu, síbẹ̀ ó to ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn débi pé àlejò á bọ́ bàtà kí n tó sọ̀rọ̀. Èmi tí mò ń fọ aṣọ ibùsùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, owó ọwọ́ mi ló ra ilẹ̀kùn, ọwọ́ mi ló sì kun ògiri. Ẹ̀gbọ́n ò gbé búrọ́ọ̀ṣì rí.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti àfẹ́sọ́nà ọmọ náà wá. Mo rò pé wọ́n wá kí wa ni. Mo gbé àga, mo gbé omi tútù. Ọmọbìnrin náà ò tíì jókòó tó ti ń wọn fèrèsé mi fún kọ́tìnnì.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Àbúrò, ọmọ wa fẹ́ gbéyàwó, ibí ni wọ́n máa gbé. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn yẹn, ẹ ò kúkú pọ̀."

Yàrá tí a ń kó sìmẹ́ńtì sí ló ń wí. Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Mo kúnlẹ̀, nítorí wọ́n kọ́ mi nílé, mo ní, "Ilé ta ni, sà?"

"Ìyàwó, orúkọ ta ló wà nínú ìwé? Ta ló mú ọkọ ẹ débí? Kí ló ní tí kì í ṣe tèmi?"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà! Òótọ́ ni pé ó tọ́ ọkọ mi dàgbà, mi ò ní torí ìbínú purọ́. Ṣùgbọ́n ṣé èèyàn á tọ́ àbúrò tán, á tún yí padà pa á jẹ? Mo dìde lórí ìkúnlẹ̀, mo sọ ọ́ sí i létí pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọkọ mi ní kí n tọrọ àforíjì. Mi ò tọrọ ẹ̀, títí dòní.

A padà sọ́dọ̀ lọ́yà. Kò tiẹ̀ bú wa. Ó ní kò sí ìwé tí a lè fi ṣẹjọ́, pé ohun tí kóòtù á kọ́kọ́ bi wá ni ìdí tí àlejò fi sá pa mọ́ sábẹ́ orúkọ ọmọ ìlú. Mo ti búra pé mi ò ní sùn sí yàrá sìmẹ́ńtì, nítorí náà, a kó lọ sí yàrá kan ṣoṣo lókè ṣọ́ọ̀bù kan.

Mò ń jó orúnkún rẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan nígbà tí fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n ni. Ohùn rẹ̀ dùn bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. "Àbúrò, ìyàwó ọmọ wa ò fẹ́ àwọ̀ táìsì yẹn. Wá fọ́ ọ, kó o tẹ́ tuntun. O mọ̀ pé iṣẹ́ ilé ni, kò la owó lọ."

Ọkọ mi ò sọ pé rárá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí láyé. Lọ́jọ́ náà, ó dá a lóhùn pé,

"Ẹ wá ẹlòmíràn, ẹ̀gbọ́n. Kí ẹ sì jẹ́ kí lọ́yà kọ àdéhùn sáàárín ẹ̀yin àti ẹni náà."

Ó pa fóònù. Omijé wà lójú rẹ̀, ó ní kí n máa jó o lọ, pé omi ń tutù. Mo tún ki aṣọ bọ omi, inú sì ń bí mi, nítorí èsì tó yẹ kó ti jáde ní ọ́fíìsì lọ́yà, ìgbà tí a ò nílé mọ́ ló tó jáde.