Fáàfù Ọkọ̀ Ogun Tí A Fọ̀ ní Pápá Àjàó

Nígbà tí mo wà ní èwe, kí ẹnikẹ́ni tó máa pè mí ní bàbá, Pápá Àjàó ní Mushin ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti èmi ti ń rọ idẹ. Àgogo ilé ìwé la máa ń rọ jù. Àwọn tó ń ra àlòkù irin ní èbúté Apápá ló ń gbé idẹ wá fún wa, a óò yọ́ ọ, ó parí. Òfin kan ni bàbá wa fi lélẹ̀ kó tó kú: ohun tí kò bá dán kò gbọdọ̀ jáde ní ìsọ̀ wa.

Ẹ̀yin ọmọ mi, lọ́jọ́ kan ni ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí a jọ ń gbélé yà kí wa ní ìsọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa nu ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan tó gúnlẹ̀ sí Apápá fún àtúnṣe. Ó rí fáàfù idẹ kan nínú òkìtì wa, irú èyí tó ń ṣí ọ̀nà fún ooru ẹ́ńjìnnì, tó sì ń dí i. Ó pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yọ́ eléyìí o! Òun gan-an là ń wá kiri!"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ òyìnbó wo ló fẹ́ wá jẹ àjẹkù Mushin?"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Ọkọ̀ yẹn láwọn ọmọ ìyá, àwọn ọkọ̀ míì tó jọ ọ́, ìgbà ogun ni wọ́n kàn wọ́n wàràwàrà. Wọn ò rọ páàtì wọn mọ́. Tí wọ́n bá tú ọ̀kan palẹ̀, àwọn tó kù ló ń jogún ẹ̀yà ara ẹ̀. Ọ̀gá mi òyìnbó ní tí mo bá rí fáàfù yìí, òun á gbà mí sínú ọkọ̀, màá di atukọ̀. Ẹ ṣáà bá mi tọ́jú ẹ, èmi àti ọ̀gá mi ń bọ̀ lọ́la."

Nígbà tó lọ tán, a wo fáàfù náà. Gírísì dúdú bò ó, ó rí jákujàku. Ṣé irú èyí la máa gbé síwájú òyìnbó? A kírun àsárì tán, a mú sáńpépà. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń fá a, mo ń kọrin. Etí rẹ̀ pàápàá, mo fi òkúta ìpọ́nbẹ ṣe é títí ó fi ń kọ mọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin náà àti ọ̀gá rẹ̀ gbé mọ́tò dé. Òyìnbó náà fi irin ìwọ̀n wọn etí fáàfù náà yíká, ó mi orí, ó padà sínú mọ́tò.

"Ta ló fọ̀ ọ́?" ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà bi wá.

"Àwa ni o," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Wo bó ṣe ń dán!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fá etí ẹ̀ rù. Kò lè dí ọ̀nà mọ́. Ooru á máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jáde."

Ọkọ̀ náà lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò bá a lọ. Ó di ẹni tó ń di ẹrù sórí mọ́tò ní Jíbówú. Kò bá wa jà. Láràárọ̀ ló máa ń dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi kó tó jáde. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń ṣe bí ẹni tó ń sùn.

Ayé ti yí padà. Mẹkáníìkì ti kún Mushin lónìí, inú bébà tí òróró rin gbingbin ni páàtì tuntun ń bá wá, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ pàápàá mọ̀ pé a kì í fi sáńpépà kan ibi tí irin méjì ti ń pàdé. Láyé tiwa, a gbà pé ohun tó bá ti dán ti dára. Kò sọ sí wa lọ́kàn ká ní sùúrù di ọjọ́ kejì, ká bi ẹni tó mọ̀ ọ́n: "Ṣé ká fọ̀ ọ́?"