Okùn Oníkókó àti Ìlà Tí Mo Pa Rẹ́

Bàbá Àgósù ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ẹja máa ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni, nígbà tí èbúté tuntun ní Kútọnu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ọkọ̀ ńláńlá. Èmi, ọmọ Ṣábẹ̀, ni sẹkirétà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ojú irin ní Parakú. Apẹja etí òkun ni Bàbá. Ó wá ń gbé lọ́dọ̀ Abọ́sẹ̀dé ọmọ rẹ̀ ní Banikanni, àdúgbò kan ní Parakú, níbi tí òórùn òkun kì í dé. Nǹkan méjì ló gbé wá: àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀, àti okùn kan tí kókó kún.

"Tó o bá ti àjẹ̀ bọ omi, tó o fi etí lé orí igi rẹ̀," ó ní, "wàá gbọ́ ẹja apò tó ń kùn. Ibi tó ti ń kùn là ń da àwọ̀n sí. Bàbá mi ló kọ́ mi."

"Nísinsìnyí ńkọ́, Bàbá?"

"Ẹ̀rọ ni mò ń gbọ́. Ọkọ̀ á dúró lójú agbami, á máa retí àyè, kò ní pa ẹ̀rọ. Àárọ̀ tí ẹ̀rọ bá bo ohùn ẹja, mo ta kókó kan."

Ó na okùn náà sí mi. Mo wá ibi tí kò sí kókó lápá ìparí rẹ̀, mi ò rí.

Àwọn apẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ ló rán an sí wa. Ohun tí wọ́n fẹ́ kò ju pé kí ọkọ̀ tó ń dúró sún kúrò níbi tí wọ́n ti ń pẹja. Wọ́n ti lọ bẹ̀bẹ̀ ní èbúté, wọ́n lé wọn jáde. Ṣùgbọ́n ẹrù òkun kò lè dé òkè láìgba ọwọ́ wa kọjá, àwa náà sì ń múra àtiyanṣẹ́ lódì nítorí owó iṣẹ́ àti àwọn ẹni mẹ́ta tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo ṣèlérí fún Bàbá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ohun tí à ń béèrè, ìlà kẹta.

Ní ìpàdé, Sàká, olórí àwọn aláàárù ní gáà, ìyẹn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, bú sẹ́rìn-ín.

"Sẹkirétà, ṣé ọkọ̀ ojú irin wa ti ń gba inú omi kọjá ni? Lọ́la ẹ ó ní ká yanṣẹ́ fún alákàn!"

"Ẹja tí ìyàwó rẹ ń sè, ṣé inú ebè ló ti wú u?" Mo dá a lóhùn.

Wọ́n yí ẹ̀rín lé Sàká lórí. Ìlà kẹta dúró.

A yanṣẹ́ lódì. Irin dákẹ́. Nígbà tó pẹ́, ebi wọlé. Ọ̀gá ojú irin kan wá láti Kútọnu, ó pe èmi àti Sàká sí ọ́fíìsì gáà. Bàbá jókòó níta lábẹ́ igi máńgòrò, okùn lórí itan rẹ̀.

Ọ̀gá ka ìwé wa, ó dúró ní ìlà kẹta. "Kí ni ẹja ń wá níbí? Ẹ̀rí dà?"

"Okùn kan wà níta..."

"Okùn! Pa èyí rẹ́, kí n fọwọ́ sí ìyókù."

Sàká tó fi wá ṣẹ̀sín kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó rọra sọ pé, "Sẹkirétà, ẹ pe bàbá wọlé ná."

Mi ò pè é. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn ó wọ̀ ọ́, ohun tí mo fi tu ara mi nínú nìyẹn. Mo gba kálámù, mo pa ìlà náà rẹ́, ọ̀gá sì fọwọ́ sí ìyókù.

Níta, àwọn òṣìṣẹ́ gbé mi léjìká, wọ́n ń kọrin. Bàbá dúró dè mí títí wọ́n fi sọ̀ mí kalẹ̀.

"Ṣé wọ́n gbọ́?"

"Wọ́n ní àwọn á wò ó, Bàbá."

Ó ká okùn rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, ọmọ mi." Kò béèrè mọ́ láé.

Lọ́jọ́ kan mo bá a lẹ́yìn ilé Abọ́sẹ̀dé. Ó ti àjẹ̀ bọ inú àgbá omi, ó fi etí lé e, ó pa ojú dé.

"Kí lẹ ń gbọ́, Bàbá?"

"Kò sí ẹ̀rọ." Ó gbé etí kúrò lára igi náà. "Kò sí ẹja náà."

Parakú ló kú sí, láàárín àwa tí a ò tukọ̀ rí. Owó iṣẹ́ wa gòkè. Méjì nínú àwọn mẹ́ta padà sẹ́nu iṣẹ́. Mi ò ní pe ìyẹn ní òfo. Ṣùgbọ́n Abọ́sẹ̀dé gbé okùn náà fún mi, ara ògiri mi ló wà. Sàká ti kú, nínú ẹgbẹ́ wa kò sí ẹni tó mọ ohun tí okùn náà jẹ́ mọ́ àfi èmi. Nígbà mìíràn mo máa ń fọwọ́ tọ àwọn kókó náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, ká ní ìwọ lo di kálámù yẹn mú, tí bàbá náà jókòó níta, ṣé ò bá pè é wọlé?